Ọ̀rọ̀ Gígùn Tó Ri Ọkọ̀ Ọ̀gá Olúsànyà

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé inú agbami nìkan ni ọkọ̀ èèyàn ti ń rì, ẹ sún mọ́bí. Lẹ́yìn Òkòtà, nínú omi tí kò mu àgbà kọjá ìbàdí, ni ọkùnrin kan ti rì pẹ̀lú ipò rẹ̀, pẹ̀lú fìlà funfun rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó kọ sí ojú ìwé mẹ́tàdínlógún. Kò kú. Ara rẹ̀ le koko títí dòní. Ṣùgbọ́n ohun tó rì lọ́jọ́ náà, kò sí òmùwẹ̀ tó lè bá a yọ ọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà lorúkọ rẹ̀, ọ̀gá pátápátá ní ọ́fíìsì tó ń pín bẹ́ǹṣì fún àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìsọlọ̀ àti agbègbè rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lọ́dún tí mo ń wí yìí, owó epo rọ̀bì ń ya wọ ìlú bí omi òjò, ìjọba sì ti kéde pé kí gbogbo ọmọ wá sílé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ náà sì wá. Wọ́n wá láti Oṣòdì, wọ́n wá láti Òkòtà, wọ́n wá láti Èjìgbò, títí kíláàsì tó ń gba ogójì fi gba àádọ́fà. Nírú ọdún bẹ́ẹ̀, ẹni tí bẹ́ǹṣì wà níkàáwọ́ rẹ̀ kì í ṣe èèyàn kékeré, Olúsànyà gan-an ló sì kọ́kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọ́fíìsì rẹ̀, kíkí ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Yorùbá ní ìkíni fún ohun gbogbo, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kò tó Gàfárù, akọ̀wé àgbà ibẹ̀. Bí Olúsànyà bá jókòó, Gàfárù á ní, "Ẹ kú ìjókòó, sà." Bó bá fi gíláàsì sójú, "Ẹ kú ìríran, sà." Bó bá mu omi, "Ẹ kú ìmumi, sà." Lọ́jọ́ kan ọ̀gá sín lẹ́ẹ̀mẹta, akọ̀wé mẹ́rin dìde dúró pa pọ̀, ẹni tó pẹ́ dìde nínú wọn sì gba ìwé ìbáwí. Òfin mìíràn tún wà pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ já lu ọ̀rọ̀ ọ̀gá. Ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ nígbà tí ọ̀gá bá ń sọ̀rọ̀, kó kọ ọ́ sínú mẹ́mò, kó fi nọ́ńbà fáìlì sí i, kó gbé e fún Gàfárù. Ilé ìdáná ọ́fíìsì jó lọ́dún tó kọjá nítorí òfin yìí. Mẹ́mò iná dé ọwọ́ ọ̀gá nígbà tí eérú ti tutù.

Inú ọ́fíìsì yìí ni Àrìnkẹ́ Abórìṣàdé wọ̀ lọ́jọ́rú kan ní oṣù kẹwàá. Tísà kíláàsì kìíní ni, ọmọ Èkìtì. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lókè Ọya, òun àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló ń gbé yàrá kan ní Ìsọlọ̀, Ìyá Kíkẹ́lọmọ sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kíláàsì ìyá rẹ̀ ni Kíkẹ́lọmọ, ọmọ ọdún mẹ́fà, wà, lórí sìmẹ́ǹtì lásán pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà ń wúkọ́. Nọ́ọ̀sì ti fi etí sí àyà rẹ̀, ó ní, "Ìyá Kíkẹ́lọmọ, ẹ má jẹ́ kó máa jókòó sórí ilẹ̀ tútù mọ́. Bí ọyẹ́ bá fi bá a níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á kọjá agbára wa níbí." Láti ọjọ́ náà ni Àrìnkẹ́ kò ti sùn àsùnwọra. Ẹ̀yin ìyá mọ irú oorun tí mo ń wí, èyí tí etí kan máa ń jókòó tì.

Ó ti kọ lẹ́tà mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì, kò rí èsì. Ó wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Nígbà tó ń wọlé, ó rí wọn nínú ọgbà: igba bẹ́ǹṣì tuntun, bẹ́ǹṣì pẹ̀lú tábìlì, igi ìrókò gidi, a tò wọ́n sábẹ́ tapólì. Olúsànyà ti pàṣẹ kí wọ́n gbẹ́ ihò ìńkì róbótó sórí tábìlì kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pẹ́ńsùlù ni àwọn ọmọ ń lò, nítorí pé tábìlì tí òun lò ní kékeré ní ihò ìńkì, ẹ sì wo ibi tí òun dé láyé. Láti oṣù kẹjọ ni àwọn bẹ́ǹṣì náà ti wà níbẹ̀. Wọn kò lè jáde, nítorí a kò tíì ṣe ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀ wọn, ayẹyẹ kò sì lè wáyé, nítorí ọ̀gá kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí yóò sọ níbẹ̀.

Àrìnkẹ́ jókòó sórí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ tó ń lọ lọ́wọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Felix, tó ń ta ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá, tẹ́ fọ́tò sílẹ̀ lórí tábìlì ọ̀gá. Kọmíṣánnà tó wà lórí gbogbo wọn fẹ́ràn kó máa wa ọkọ̀ ìgbòkun lórí ọ̀sà lọ́jọ́ Sunday, Olúsànyà sì ti gbọ́ pé ojú omi ni Kọmíṣánnà ti ń rántí àwọn tó yẹ kó gbé ga. Òun náà gbọ́dọ̀ ní ọkọ̀.

"Ẹsẹ̀ bàtà mélòó ni?" Olúsànyà bi í.

"Mẹ́rìnlá, sà. Ó kéré, ṣùgbọ́n kò ní ihò kankan. Òyìnbó tó ni ín ń padà sílé, ó fẹ́ tà á ní pọ́ọ́kú. Ẹ lè máa wà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Gàfárù, ẹsẹ̀ bàtà mélòó ni mọ́tò mi?"

"Mẹ́rìndínlógún, sà. Ẹ kú ìṣirò, sà."

"Ẹ gbọ́ o. Ó fẹ́ kí n bọ́ sílẹ̀ nínú ohun tó gùn, kí n wá wọ ohun tó kúrú, lójú Kọmíṣánnà."

Wọ́n pe káfíńtà ọ́fíìsì wọlé, Bàbá Ọlọ́runyọmí, ará Ìlàjẹ, tí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ń kan ọkọ̀ létí òkun kí ìrìn-àjò tó gbé òun wá kan bẹ́ǹṣì ní Ìsọlọ̀. Ọ̀gá bi í nípa ọkọ̀ onígi ńlá kan tó wà nínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn Òkòtà. Ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà ni. Òyìnbó kan ló fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ṣáájú ogun, ewúrẹ́ sì ti bímọ sínú rẹ̀ láìmọye ìgbà.

"Sà, ẹ ra ti Felix," ni Bàbá Ọlọ́runyọmí wí. "Ọkọ̀ téèyàn máa fi kọ́ṣẹ́, kékeré ló yẹ ẹ́. Èyí tó wà lẹ́yìn Òkòtà yẹn, wọ́n á ní ọ̀fẹ́ ni. Yóò jẹ igi, yóò jẹ ìṣó, yóò jẹ ọ̀dà, kò sì ní yó. Ẹni tó gba irú ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ló rà á lọ́wọ́n jù."

Olúsànyà rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí àwọn ọ̀gá máa ń rín bí òtítọ́ bá wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ó dìde. ("Ẹ kú ìdìde, sà.") "Bàbá, igi jíjẹrà lẹ rí. Èmi rí ògo tó sùn. Ta ni yóò jí i bí kò ṣe èmi? Kí àwọn ìran tó ń bọ̀ má baà sọ pé Olúsànyà kọjá lọ nígbà ayé rẹ̀, ó rí ọkọ̀ ńlá nínú ẹrẹ̀, ó sì lọ ra abọ́ ìfọṣọ lọ́wọ́ Felix."

"Mo ti gbọ́, sà," ni Felix wí. Ó kó fọ́tò rẹ̀.

"Igi tí a máa fi tún un ṣe ńkọ́, sà?" Bàbá Ọlọ́runyọmí béèrè.

Ojú ọ̀gá rọra gba ojú fèrèsé jáde, ó sì bà lé ọgbà. Àrìnkẹ́ rí ibi tí ojú náà bà sí. Orí àwọn bẹ́ǹṣì ni.

Kíá, wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Àjíǹde Ọkọ̀ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ nílò ẹni tí yóò máa kọ ìpinnu rẹ̀ sílẹ̀.

"Ta nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn?"

"Tísà kan ni, sà. Láti aago mẹ́jọ ló ti wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì ni."

"Ó yẹ kó mọ̀wé kọ. Ìyáàfin, ẹ̀yin ni akọ̀wé ìgbìmọ̀. Ní ti bẹ́ǹṣì yín, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá wọ omi ni a ó pín wọn. Ayẹyẹ kan, ọ̀rọ̀ kan, ògo méjì."

Kí ni Àrìnkẹ́ ìbá sọ? Ó rò ó pé bí ọkọ̀ bá tètè parí, bẹ́ǹṣì á tètè dé. Ó ra ìwé pẹlẹbẹ kan lójú ọ̀nà ilé, ó sì fi ọwọ́ tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní A B D kọ orúkọ ìgbìmọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ní ìpàdé kejì ni wọ́n pinnu láti yá àádọ́ta bẹ́ǹṣì lò. "Ẹ kọ ọ́ dáadáa," ni Olúsànyà wí. "A kò mú un. A yá a." Àrìnkẹ́ kọ ọ́. Ọkọ̀ náà jẹ àádọ́ta, ó tún lanu. Ní ìpàdé kẹrin, ọgọ́ta sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ìpàdé kò fi bẹ́ẹ̀ wà mọ́, mẹ́mò ló ń wá. Wọ́n lo ìrókò fún ìhà ọkọ̀, wọ́n lo ìrókò fún ilẹ̀ inú rẹ̀, wọ́n tún gbẹ́ àga onígi kan tó ní ìgbọ́wọ́lé méjì fún ọ̀gá láti máa jókòó níwájú. Ọyẹ́ dé ní oṣù kejìlá. Lówùúrọ̀, sìmẹ́ǹtì kíláàsì a tutù bí òkúta inú odò. Àrìnkẹ́ tẹ́ ìró rẹ̀ kan sílẹ̀ fún Kíkẹ́lọmọ, ọmọ méje sì fún ara wọn sórí rẹ̀, kò sì lè lé wọn, nítorí ọmọ ẹlòmíràn náà ní àyà.

Ní ọjọ́ kan, Bàbá Ọlọ́runyọmí pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà.

"Ìyá Kíkẹ́lọmọ, mo tú èyí tó kẹ́yìn lánàá."

"Èyí tó kẹ́yìn nínú kí ni, Bàbá?"

"Nínú igba."

Àrìnkẹ́ dúró. "Kí ni wọ́n máa wá pín lọ́jọ́ ayẹyẹ?"

"Mo bi Gàfárù bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀gá máa pín ìmọ̀ràn."

Ó dé ilé, ó ka ìwé ìpàdé náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ ni. Lábẹ́ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, orúkọ rẹ̀ ni. Lórí ibùsùn, Kíkẹ́lọmọ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó yí padà, ó sùn.

Ìgbà tí iṣẹ́ parí, Bàbá Ọlọ́runyọmí ṣe ohun tí wọ́n máa ń ṣe nílé wọn. Ó ti ọkọ̀ náà sínú omi etí bèbè, ó kó òkúta sínú rẹ̀, ó sì jẹ́ kó rì títí dé ètè. Àrìnkẹ́, tó wá béèrè ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀, bá a níbi tó jókòó sí, tó ń wo ọkọ̀ tó wà lábẹ́ omi bí ẹni ń wo ọmọ tó ń sùn.

"Bàbá, ó ti bàjẹ́?"

"Ó ń mumi ni. Igi tó gbẹ fún ọdún mẹ́wàá, àti igi bẹ́ǹṣì tí oòrùn ti lù, àlàfo wà láàárín wọn. Kò sí ọ̀dà tó lè dí i tán. Omi fúnra rẹ̀ ló ń dí i. Tó bá ti lo ọjọ́ méje níbẹ̀, pákó á wú, wọ́n á gbá ara wọn mú, abẹ́rẹ́ ò ní ríbi gbà. Ọkọ̀ onígi tí kò bá kọ́kọ́ rì, yóò rì nígbẹ̀yìn ni."

Ní ọjọ́ kẹta ni Olúsànyà dé pẹ̀lú Gàfárù, ó fẹ́ wo bí òun yóò ṣe dúró lórí ọkọ̀ bí wọ́n bá ń ya fọ́tò. Ó wo omi. Ó rí ọkọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀, pẹ̀lú òkúta láyà.

"Ta ló pa á?"

"Sà, mo ní kó mumi díẹ̀ ni," ni Bàbá Ọlọ́runyọmí wí.

Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ mọ́ Olúsànyà. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń ṣọ́ igi ìjọba, ohun kan ṣoṣo tó sì mọ̀ nípa igi ni pé kò gbọ́dọ̀ tutù. Ní ọ́fíìsì rẹ̀, bẹ́ǹṣì tí òjò bá pa, wọn a fa ìlà pupa sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, àfi bí òkú. "Igi àti omi, ọ̀tá ni wọ́n," ó wí. "Èyí kì í ṣe àṣìṣe. Ọ̀tẹ̀ ni."

"Sà, ọkọ̀ ni."

"Igi ni! Mo ti ń bá igi gbé kí o tó mọ̀ mí."

Àgbàlagbà tó ń pè ní Bàbá tẹ́lẹ̀ ti di "o". Ó ní kó lọ sílé títí òun yóò fi pè é. Ogójì lébìrà fa ọkọ̀ náà jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi tẹ́ ẹ sínú oòrùn ọyẹ́, tí ètè èèyàn pàápàá ń là, wọ́n sì kùn ún ní pẹ́ńtì funfun lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń dán bí abọ́ tánganran. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára: IYÌ OLÚSÀNYÀ KÌÍNÍ. Àrìnkẹ́ gbìyànjú láti sọ ohun tí Bàbá sọ fún òun. Gàfárù ní kó kọ ọ́ sínú mẹ́mò. Ó kọ ọ́. Kò rí èsì.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kìíní, gbogbo èèyàn pé sí bèbè odò lẹ́yìn Òkòtà. Kíláàsì kìíní dúró ní ìlà, ọ̀pọ̀ nínú wọn láìní bàtà, wọ́n kọrin tí Gàfárù kọ fún wọn, nínú èyí tí wọ́n ti pe orúkọ ọ̀gá nígbà mẹ́rìndínlógún. Kíkẹ́lọmọ wà níwájú nínú súwẹ́tà ìyá rẹ̀ tó dé e lórúnkún. Kọmíṣánnà dé nínú léèsì aláwọ̀ ewé, ó wo ọkọ̀, ó ní, "Ó gùn." Olúsànyà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Èèyàn mẹ́sàn-án wọ ọkọ̀, Kọmíṣánnà àti Gàfárù wà lára wọn. Wọ́n ní kí akọ̀wé ìgbìmọ̀ jókòó lẹ́yìn kó lè kọ ọ̀rọ̀ ọ̀gá sílẹ̀, kí ó má baà sọnù fún ìran tó ń bọ̀. Àrìnkẹ́ kò mọ odò wẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀ létí bèbè, ó wọlé. Wọ́n ti ọkọ̀ náà síwájú tó ìwọ̀n ogún ìṣísẹ̀, wọ́n sọ ìdákọ̀ró. Afẹ́fẹ́ kankan kò fẹ́. Ìgbòkun rọ̀ sílẹ̀ bí aṣọ tí a sá. Kò burú. Ká ní ọ̀gá kí èèyàn ní gbólóhùn méjì, kó sì padà sí bèbè, ìtàn mi ìbá parí síbí, Olúsànyà ìbá sì di ẹni ńlá.

Ṣùgbọ́n ó yọ ìwé mẹ́tàdínlógún.

"Kọmíṣánnà wa ọlọ́lá jùlọ, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin èwe, àti ìwọ omi Òkòtà, tí o ní àǹfààní láti gbé mi lónìí. Àwọn aláìríran bi mí pé, Olúsànyà, kí ló dé tí o kò ra ọkọ̀ kékeré tó ti ń léfòó? Mo dá wọn lóhùn pé, ṣé erin lè sùn nínú ìkarahun ìgbín? Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, nígbà tí mo wà ní kíláàsì kìíní..."

Ní ojú ìwé kejì, ẹsẹ̀ Àrìnkẹ́ tutù. Ó wo ìsàlẹ̀. Omi ń gba àárín pákó àti pákó wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó wá kí wọn tí kò fẹ́ dá ọ̀rọ̀ wọn dúró. Ó fọwọ́ kan èjìká Gàfárù.

"Bọ̀dá Gàfárù, omi ń wọlé."

"Tísà, ọ̀gá ń sọ̀rọ̀. Ẹ kọ ọ́."

Ó fa ewé kan ya nínú ìwé rẹ̀, ó kọ pé: Sà, omi ń wọ ọkọ̀. Gàfárù kà á, ó mi orí.

"Kò ní nọ́ńbà fáìlì."

"Bọ̀dá Gàfárù, ó ti dé ọrùn ẹsẹ̀ mi."

"Ọrùn ẹsẹ̀ tèmi náà kò gbẹ. Nọ́ńbà ńkọ́?"

Ó kọ nọ́ńbà. Gàfárù kọ sí etí rẹ̀ pé, "Fún àkíyèsí yín, sà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀," ó sì nà án síwájú. Olúsànyà, tó wà ní ojú ìwé keje níbi tó ti ń ṣàlàyé ìyàtọ̀ láàárín olórí lásán àti olórí gidi, gbà á láìwò ó.

"A ó gbé e yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi."

Kọmíṣánnà gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Lẹ́yìn náà ó gbé méjèèjì sókè. Létí bèbè, ohùn kékeré kan dún.

"Màmá, ọkọ̀ yín ń kúrú."

Kíkẹ́lọmọ ni. Àwọn yòókù wò ó, wọ́n rí i pé òótọ́ ni, ó sì dùn mọ́ wọn. Láìpẹ́, ọgọ́rùn-ún ọmọ àti ẹ̀wá ń fi í kọrin: ọkọ̀ yín ń kúrú, ọkọ̀ yín ń kúrú. Olúsànyà rò pé àwọn ènìyàn òun ló ń yin òun. Ó juwọ́ sí wọn, ó sì gbé ohùn sókè. Ojú ìwé kọkànlá ló wà, ó ń wí pé, "Èmi kò ní mì, èmi kò ní yẹ̀," nígbà tí IYÌ OLÚSÀNYÀ KÌÍNÍ mí kanlẹ̀, ó sì fìdí lélẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

Àrìnkẹ́ rò pé ó ti parí. Ohun kan ṣoṣo tó wá sí i lọ́kàn ni ta ni yóò máa fi àdí pa ọmọ náà láyà. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó dìde. Ìbàdí rẹ̀ ni omi dé. Ìwé ìpàdé wà lókè orí rẹ̀, ó gbẹ táútáú. Kò rántí ìgbà tó gbé e síbẹ̀. Ní iwájú rẹ̀, Olúsànyà yọ jáde láìsí fìlà, ojú ìwé mẹ́fà tó kù ń léfòó yí i ká.

"Ẹ kú ìwẹ̀, sà," ni Gàfárù wí, nítorí pé ẹnu rẹ̀ kò mọ ohun mìíràn.

Kọmíṣánnà fún omi etí léèsì rẹ̀ dànù. Pákó kan tú nílẹ̀ ọkọ̀, ó léfòó wá, ó sì kan ikùn rẹ̀. Ó gbé e. Ihò róbótó kan wà lára rẹ̀.

"Olúsànyà, kí ni ihò yìí?"

"Ihò afẹ́fẹ́ ni, Ọlọ́lá. Ìmọ̀ ìgbàlódé ni."

"Ihò ìńkì ni, sà," ni ọmọ kan wí létí bèbè. "Ti tábìlì ni."

Pákó mìíràn tú jáde, òmíràn tẹ̀ lé e. Gbogbo wọn ní ihò.

"Mo buwọ́ lu igba bẹ́ǹṣì fún Ìsọlọ̀," ni Kọmíṣánnà wí jẹ́jẹ́. "Ta ni àkọsílẹ̀ wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Gbogbo ojú gòkè lọ bá ìwé tó wà lórí orí Àrìnkẹ́. Olúsànyà ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Àrìnkẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Bó bá kà á, orúkọ tirẹ̀ náà á jáde, owó-oṣù tirẹ̀ náà á wà nínú ewu, ọkọ rẹ̀ á gbọ́ lókè Ọya. Ó lè jẹ́ kí ìwé náà bọ́ sómi. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń rẹ̀ ẹ́, ta ni yóò bá a wí?

Létí bèbè, Kíkẹ́lọmọ wúkọ́.

Àrìnkẹ́ ṣí ìwé náà. Ó kà á bó ṣe ń kàwé fún kíláàsì kìíní, díẹ̀díẹ̀, kí gbogbo èèyàn lè gbọ́: ìpàdé kejì, àádọ́ta, ìpàdé kẹrin, ọgọ́ta, àwọn mẹ́mò tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó ka èyí tó kù. "Ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀, tó sì buwọ́ lù ú: Àrìnkẹ́ Abórìṣàdé." Ó pa ìwé dé.

Felix, tó ti jókòó láti àárọ̀ létí bèbè nínú ọkọ̀ kékeré rẹ̀ tí kò tíì rí ẹni rà á, ló wa ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Kọmíṣánnà wọ inú rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ bàtà mélòó nìyí?"

"Mẹ́rìnlá, sà."

"Ó tó."

Ó ní kí tísà náà wọlé. Olúsànyà fi ẹsẹ̀ rìn nínú ẹrẹ̀ dé bèbè, Gàfárù sì wà lẹ́yìn rẹ̀ jìnnà díẹ̀, bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Gàfárù ti ń kí ọ̀gá tuntun kú ìjókòó.

Àrìnkẹ́ gba ìwé ìbáwí, wọ́n sì dá ìgbéga rẹ̀ dúró fún ọdún méjì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ní ó tọ́ sí òun. Wọ́n pe Bàbá Ọlọ́runyọmí padà. Òun ló tú ọkọ̀ náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó sì fi igi rẹ̀ kan bẹ́ǹṣì. Kò tó igba mọ́, igi tí a ti tẹ̀ sí ìhà ọkọ̀ kò sì ṣe é nà tán, nítorí náà àárín àwọn bẹ́ǹṣì náà jìn díẹ̀, àwọn ọmọ tó bá jókòó sí ìkangun a máa yọ̀ bọ̀ wá sáàárín, wọ́n a fún ara wọn pọ̀ bí àkàrà nínú agbọ̀n. Ara wọn móoru níbẹ̀.

Wọn kò lé Olúsànyà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n sọ ọ́ di ẹni tó ń lọ láti ilé-ìwé dé ilé-ìwé, tó ń ka bẹ́ǹṣì. Ó dé kíláàsì kìíní lọ́jọ́ Monday kan, ó fi ẹsẹ̀ rìn wá láti Èjìgbò, eruku wà lórí bàtà rẹ̀. Àwọn ọmọ dìde. "Ẹ káàárọ̀, sà." Ó dúró, ó ń retí kí wọ́n tún sọ nǹkan mìíràn. Wọ́n jókòó. Ó kà, ó kọ ọ́ sílẹ̀, oòrùn sì ti mú un.

"Ẹ jókòó sinmi díẹ̀, sà," ni Àrìnkẹ́ wí.

Kò sí àga. Ó jókòó sí ìkangun bẹ́ǹṣì iwájú, bẹ́ǹṣì náà sì mú un rọra, ó gbé e lọ sáàárín, láàárín Kíkẹ́lọmọ àti ọmọ kan tó ń jẹ gúgúrú. Ó tún ọ̀fun ṣe, bí a ti ń tún un ṣe kí á tó sọ̀rọ̀.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́," ni Kíkẹ́lọmọ sọ fún un jẹ́jẹ́, "ìṣirò la fẹ́ ṣe."

Ó pa ẹnu dé. Àrìnkẹ́ kọjú sí pátákó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà, etí rẹ̀ sì wà lẹ́yìn níbi tó máa ń wà. Ó kọ ìlà kìíní, ó kọ ìkejì, ó kọ títí pátákó fi kún. Kò gbọ́ ikọ́ kankan; ohun tó gbọ́ kò ju bẹ́ǹṣì lọ, tó ń ké kín-ín-kín-ín bí ọkùnrin ńlá kan ti ń wá ọ̀nà àtijókòó.